Nígbà tí Irin Bá Jẹ: Àtúnṣe Ọ̀pá Ọ̀bẹ àti Bíárìn Ẹ̀rọ Agékoríko Àjókòówà



Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé a pe ènìyàn jọ sínú gbọ̀ngàn yunifásítì láti sọ̀rọ̀ lórí irin róbótó kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ọ̀rọ̀ ìtàn, ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ ni etí wa mọ́ ní irú ibí yìí. Ṣùgbọ́n bí irin kékeré yẹn bá jẹ, ẹ̀rọ tí a fi owó ńlá rà yóò di òkú sí ẹ̀yìn ilé, koríko yóò gba pápá, ẹni tí ń wa ẹ̀rọ náà sì lè fi ara gba ọgbẹ́. Ohun tí ó lè ṣe gbogbo èyí kò kéré jù fún ìjíròrò àwọn ọ̀mọ̀wé.

Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ fi hàn lónìí. Èkíní ni pé ẹ̀rọ kì í déédéé kú. A máa ké kí ó tó kú, ẹni tí yóò fetí sí igbe rẹ̀ ni ó wọ́n. Èkejì ni pé bí a bá tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe láìwádìí ohun tí ó bà á jẹ́, a kò tí ì tún un ṣe. Ẹ̀kẹta ni pé èdè Yorùbá tó èdè tí a lè fi kọ́ ìmọ̀ yìí láti ìpìlẹ̀ dé òpin. N kò ní kàn sọ ẹ̀kẹta yìí lẹ́nu lásán. Èmi yóò gbìyànjú láti fi gbogbo ọ̀rọ̀ mi ṣe ẹ̀rí rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ náà ti ṣẹ̀ wá

Ní ọdún 1830 ni Edwin Budding, ará Stroud ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ agékoríko àkọ́kọ́. Àgbègbè tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ pọ̀ sí ni Stroud. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irun ojú aṣọ kí ó lè dán ni Budding rí, tí ó fi ro ó pé ohun tí ó lè fá irun aṣọ lè fá irun ilẹ̀ pẹ̀lú. Ènìyàn ni ó ń tì í nígbà náà. Ní ọdún 1902 ni ilé iṣẹ́ Ransomes ní Ipswich bẹ̀rẹ̀ sí ta èyí tí ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróò ń tì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni irú èyí tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń yí mọ́ ọ̀pá tí ó dúró ṣánṣán, bí apá òòyì, wá gbilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ní ọ̀dàn koríko tí ó gbòòrò, ni èyí tí awakọ̀ ń jókòó lé lórí ti wá di ohun èlò ilé àti ohun èlò pápá ìṣeré. Òun ni mo ń pè ní ẹ̀rọ agékoríko àjókòówà.

Bíárìn náà ní ìtàn tirẹ̀. Philip Vaughan, ará Carmarthen ní Wales, gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1794 lórí irin róbótó tí a tò yí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ẹṣin ká. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó kan wa jù lọ lónìí ni ti Sven Wingquist, ará Sweden. Ẹlẹ́rọ tí ń bójú tó ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Gothenburg ni. Orí ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n kọ́ ilé náà sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń rì díẹ̀díẹ̀, àwọn ọ̀pá gígùn tí ń gbé agbára káàkiri ilé yóò wọ́, bíárìn yóò sì máa bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Wingquist kò kàn ń pààrọ̀ wọn. Ó bèèrè ohun tí ń pa wọ́n. Láti inú ìbéèrè yẹn ni bíárìn tí ó lè gba ọ̀pá wíwọ́ mọ́ra ti jáde ní ọdún 1907, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ SKF sílẹ̀ lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sí ọkàn: atúnẹ̀rọṣe tí ó béèrè ìdí ni ó yí iṣẹ́ náà padà.

Orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀

Bí a kò bá fún nǹkan lórúkọ, a kò lè kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní bí a ṣe ń tún un ṣe. Lábẹ́ ẹ̀rọ yìí ni ìdérí irin kan wà, tí ó fẹ̀ bí agbada tí a da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Ọ̀bẹ méjì tàbí mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà lábẹ́ ìdérí yìí. Ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá kan tí ó dúró ṣánṣán. Ọ̀pá ọ̀bẹ ni èmi yóò máa pe ọ̀pá yìí. Ní orí ọ̀pá náà ni púlì wà, èyíinì ni kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń yí láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ilé bíárìn ni a ó máa pe irin tí ọ̀pá náà gbà àárín rẹ̀ kọjá, tí a fi bóòtì dè mọ́ ìdérí.

Bíárìn méjì ni ó máa ń wà nínú ilé náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bíárìn kọ̀ọ̀kan ní òrùka òde, òrùka inú, àwọn ọmọ irin róbótó tí ń yí láàárín òrùka méjèèjì, àti àgò tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ náà rọ́ lu ara wọn. Ọ̀pọ̀ ní ìbòjú rọ́bà lápá méjèèjì kí gíríìsì má baà jáde, kí eruku má sì wọlé. Láàárín bíárìn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni irin oníhò kan wà tí ó dà bí gígé oparun, tí ọ̀pá gba inú rẹ̀ kọjá. Alárinà ni mo ń pe èyí, nítorí pé òun ni ó dúró láàárín òrùka inú méjèèjì, tí ó ń gba ẹrù ìdè nọ́ọ̀tì kí ó má baà wó lé àwọn ọmọ bíárìn lórí. Ẹ má ṣe gbàgbé alárinà; a óò tún padà bá a.

Agbára tí ń bẹ nínú ọ̀bẹ tí ń yí

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀bẹ kan tí ó gùn ní 53 sẹ̀ǹtímítà, tí ó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Etí ọ̀bẹ náà ń sáré ní nǹkan bí 83 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyíinì ni nǹkan bí 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ kan ní títì wa tí ń sáré bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀lé kò gbà kí etí ọ̀bẹ sáré ju 19,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí í ṣe nǹkan bí 96 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Òkò tí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ bá gbá kò yàtọ̀ sí òkò kànnàkànnà tí kò ní ojú.

Gbogbo ẹni tí ó ti ta òkòtó rí mọ̀ pé èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wúwo ju èkejì lọ kì í pẹ́ kí ó tó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Bákan náà ni ọ̀bẹ rí. Bí apá kan ọ̀bẹ bá fi gíráàmù 10 péré wúwo ju apá kejì lọ, tí ìwúwo náà sì wà ní 25 sẹ̀ǹtímítà sí àárín, agbára tí yóò máa fa ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ó bá ń yí ní 3,000 yóò tó ti ẹrù kílò 25. Agbára náà kò sì dúró sí ojú kan. Ó ń yí ọ̀pá náà po ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ó pọ́n ọ̀bẹ lápá kan jù lápá kejì ti gbé àpò ẹrù kan lé bíárìn lórí láìmọ̀.

Báwo ni ẹrù yìí ṣe ń ké ẹ̀mí bíárìn kúrú? Ní ọdún 1947, Gustaf Lundberg àti Arvid Palmgren ní Sweden tẹ ìṣirò jáde tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń lò di òní. Ohun tí ó sọ ni pé bí a bá sọ ẹrù bíárìn olọ́mọ-róbótó di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò dín kù sí ìdámẹ́jọ. Bí ẹrù bá jẹ́ ìdámẹ́wàá agbára tí a kọ fún bíárìn nínú ìwé, 90 nínú 100 irú rẹ̀ yóò yí ju ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ìgbà lọ kí ó tó rẹ̀ wọ́n. Ní ìyára 3,000, èyí lé ní wákàtí 5,500. Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, wákàtí náà yóò já sí nǹkan bí 700. Síbẹ̀, bíárìn ẹ̀rọ agékoríko púpọ̀ kì í lò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. A jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kú ikú ogbó. Ìpalára ni ó pa wọ́n.

Ohun tí ń pa bíárìn

Apànìyàn àkọ́kọ́ ni omi. Lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì gbóná, a máa ń rí àwọn tí ń fi ọ̀pá omi líle fọ ìdérí. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú bíárìn gbígbóná yóò sún kì lójijì bí omi tútù bá bà á, yóò sì fa omi wọlé gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà. Omi kò ní jáde mọ́. Ìpatà yóò jẹ ojú òrùka, ojú dídán yóò di ojú gbágungbàgun.

Èkejì ni koríko. Koríko gígùn àti okùn a máa lọ́ mọ́ ọ̀pá lókè ọ̀bẹ, wọ́n a sì máa ha rọ́bà títí tí yóò fi ya. Ẹ̀kẹta ni àìdọ́gba ọ̀bẹ, tí a ti sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀kẹrin ni kíkọ lu òkúta tàbí kùkùté, èyí tí ń tẹ ọ̀pá. Ọ̀pá tí ó tẹ̀ kò ṣeé fi ojú lásán rí nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bíárìn mọ̀ ọ́n. Ẹ̀karùn-ún ni bẹ́líìtì tí a fà le jù, tí ó ń fa orí ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹfà ni gíríìsì, yálà àìsí rẹ̀ tàbí àpọ̀jù rẹ̀. Bí ilé bíárìn bá ní ọmú tí a ń gbà fún un ní gíríìsì, tí a sì fi ìbọn gíríìsì rọ ọ́ títí tí kò fi gbà mọ́, ìbòjú rọ́bà ni yóò tú. Kì í ṣe gbogbo gíríìsì ni ó bá ara wọn mu pẹ̀lú. A lè da oríṣi méjì pọ̀ kí àdàlù náà yọ́ bí omi, kí ó sì ṣàn jáde. Ẹni tí kò bá mọ irú èyí tí ó wà nínú bíárìn tẹ́lẹ̀, kí ó nu ti àtijọ́ kúrò pátápátá kí ó tó fi tuntun sí i.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti jẹ

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Hẹ̀rẹ̀huru ni àmì àkọ́kọ́. Bíárìn tí ara rẹ̀ dá a máa dún ṣìnìnìn. Èyí tí ó ti jẹ a máa kùn, a sì máa han bí ọlọ tí a ń lọ̀ lórí iyanrìn. Àmì kejì wà lórí koríko fúnra rẹ̀: ẹ ó rí i pé ipa ọ̀bẹ kan ga, ti èkejì sì lọ sílẹ̀, pápá yóò dà bí orí tí onígbàjámọ̀ aláìmọṣẹ́ gé. Ẹ̀kẹta ni erùpẹ̀ pupa bí ìpatà tí ó yí ẹnu ilé bíárìn ká. Ẹ̀kẹrin ni bẹ́líìtì tí ń já léraléra láìnídìí.

Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun lábẹ́ ẹ̀rọ, a gbọ́dọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí a sì tú wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì. Èyí kì í ṣe àbá, àṣẹ ni. Lẹ́yìn náà ni a ó tú bẹ́líìtì sílẹ̀, a ó fi ọwọ́ tí a fi aṣọ líle bò di etí ọ̀bẹ mú, a ó sì mì ín sókè sódò. Bí ó bá mì, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní bíárìn méjèèjì fi 50 mìlímítà jìnnà sí ara wọn, tí etí ọ̀bẹ sì wà ní 250 mìlímítà sí àárín. Àlàfo tí kò ju ìdámárùn-ún mìlímítà kan lọ nínú bíárìn yóò di odindi mìlímítà kan ní etí ọ̀bẹ. Ìdí nìyí tí ọwọ́ fi máa ń mọ ohun tí ojú kò rí. Ní ìparí, a ó fi ọwọ́ yí ọ̀pá jẹ́jẹ́, a ó fi ẹnu igi kan kan ilé bíárìn, a ó sì fi etí wa kan ẹnu igi kejì. Gbogbo ìró inú rẹ̀ ni igi náà yóò sọ.

Yíyọ, wíwọ̀n àti fífi tuntun wọ̀

Kí a tó tú ohunkóhun, kí a fi àmì sí i, kí a sì tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí a ti ń yọ wọ́n. Nọ́ọ̀tì ọ̀bẹ kan wà tí ń tú sí ọ̀tún dípò òsì. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó fi agbára sí i yóò já ọ̀pá. Bí a bá fẹ́ gbá ọ̀pá jáde kúrò nínú bíárìn, kí a dá nọ́ọ̀tì padà sí ẹnu rẹ̀ kí ojú ìdè má baà run, kí a sì fi igi líle tàbí bàbà gba òòlù lójú. Òòlù lórí irin lásán ni ó ń sọ ọ̀pá tí ó ṣì dára di aláìwúlò.

Lẹ́yìn tí a bá ti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, a ó ka nọ́ńbà ara bíárìn. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe àṣírí. Bí a bá rí 6204, kí a sọ 04 ìparí rẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún, a ó ní 20: ihò inú rẹ̀ jẹ́ 20 mìlímítà. Ìbú òde rẹ̀ jẹ́ 47, sísanra rẹ̀ sì jẹ́ 14. Ti 6205 jẹ́ 25, 52 àti 15. Èyí tí ó bá parí sí 03 kò tẹ̀lé ìlọ́po yìí. 17 ni ihò tirẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ Amẹ́ríkà mìíràn sì ń lo bíárìn tí a fi íǹṣì wọn ihò rẹ̀, nítorí náà kí a wọn ọ̀pá pẹ̀lú kí a tó lọ sí ọjà. Ayédèrú wà lọ́jà, nínú páálí tí ó jọ ti ojúlówó. Kí a yí i lọ́wọ́ wò, kí a wo bí wọ́n ṣe kọ nọ́ńbà sí i lára, kí a má sì jẹ́ kí owó tí ó kéré jù tàn wá.

Wíwọ̀n ọ̀pá ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fo iṣẹ́. Bíárìn gbọ́dọ̀ há mọ́ ọ̀pá tàbí kí ó bá a mu rẹ́gí. Ọ̀rọ̀ ìpín ọgọ́rùn-ún mìlímítà ni, maikiromítà nìkan ni ó lè sọ ọ́. Bí ọ̀pá bá ti jẹ, òrùka inú yóò máa yọ́ yí lórí rẹ̀, bíárìn tuntun náà kò sì ní lò ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn kan a máa fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ojú ọ̀pá kí ó lè wú, kí bíárìn lè há. Ẹ̀tàn ni èyí. Orí àwọn ojú gígún díẹ̀ ni bíárìn yóò jókòó lé, wọn yóò sì jẹ pẹrẹsẹ láìpẹ́. Bí ọ̀pá tuntun bá wà, kí a rà á. Bí kò bá sí, kí a gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n há a wọlé, kí wọ́n fi òrùka irin kan bọ̀ ọ́ lára, kí wọ́n sì há òrùka náà padà sí ìwọ̀n. Bí ihò ilé bíárìn bá ni ó fẹ̀, òrùka bẹ́ẹ̀ kan náà ni a lè fi sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti sán, kí a sọ ọ́ nù.

Nígbà tí a bá ń fi bíárìn tuntun wọ̀, òfin kan wà tí ó ju gbogbo òfin lọ: òrùka tí ó há ni kí a tì. Bí a bá ń tì í wọ ọ̀pá, òrùka inú ni kí a tì. Bí a bá ń tì í wọ ilé, ti òde ni. Bí a bá ti òrùka kan láti lè mú èkejì wọlé, àwọn ọmọ àárín ni agbára náà yóò gbà kọjá, wọn yóò sì gún ojú òrùka ní ihò kékeré. Bíárìn bẹ́ẹ̀ ti kú kí ó tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. A lè fi òrùka òde bíárìn àtijọ́ ṣe ìtì fún ti òde. A tún lè fi ooru rán ara wa lọ́wọ́: bíárìn tí a mú gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 80 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì yóò fẹ̀ díẹ̀, ọ̀pá tí a fi sínú yìnyín yóò súnkì díẹ̀, wọn yóò sì wọ ara wọn láìsí ìjà. Kí a má ṣe fi iná jó o ní tààrà.

Nísinsìnyí ni kí a rántí alárinà. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí a fi èyí tí ó kúrú sí i, bí a bá ṣe ń dè nọ́ọ̀tì ni òrùka inú méjèèjì yóò máa sún mọ́ ara wọn, tí ti òde yóò sì dúró. Àwọn ọmọ yóò wà lábẹ́ ìnira láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá yóò le láti yí. Àwọn kan a máa dẹ nọ́ọ̀tì kí ó lè yí, láìmọ̀ pé nọ́ọ̀tì tí a dẹ̀ lórí ọ̀bẹ tí ń sáré 300 kìlómítà ni ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí alárinà bá pé, a ó dè é gírígírí dé ìwọ̀n tí ìwé ẹ̀rọ sọ, ọ̀pá yóò sì máa yí wẹ́rẹ́.

Kí a tó dá ọ̀bẹ padà, kí a fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ ìṣó lára ògiri. Apá tí ó bá wálẹ̀ ni ó wúwo. Òun ni kí a há títí tí ọ̀bẹ yóò fi dúró gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, kí a tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 10 láìgé koríko, kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí koríko ń gbà jáde. Lẹ́yìn tí a bá ti pa á, tí ọ̀bẹ ti dúró, tí a sì ti yọ kọ́kọ́rọ́, kí a fi ọwọ́ kan ilé bíárìn. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Èyí tí ó jó ni lọ́wọ́, kí a tún tú u wò.

Nípa jíjó bíárìn mọ́ ọ̀pá

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn tí ó jókòó síbí ti rí i kí a jó òrùka bíárìn mọ́ ọ̀pá tí ó ti jẹ, kí iṣẹ́ lè tètè parí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èyí láìfi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ń ṣe é kì í ṣe òmùgọ̀. Oníbàárà ti sọ fún un pé òun kò ní owó ọ̀pá tuntun, ọ̀la ni wọ́n sì fẹ́ lo pápá. Ó fún oníbàárà ní ohun tí ó béèrè. Ṣùgbọ́n iná wẹ́dà ń sọ irin líle òrùka di èyí tí ó rọ̀ níbì kan tí ó sì gbẹ níbòmíràn, ó ń jó gíríìsì, ó sì ń fi ojú sísán pamọ́ sínú ọ̀pá. Irin tí ó sán ní ìkọ̀kọ̀ yóò kán ní gbangba. Ibi tí ó bá sì kán sí, ọ̀bẹ kò ní bèèrè ọ̀nà kí ó tó lọ.

Nítorí náà, ẹ̀bi náà kò dúró sí ẹnu ọ̀nà mẹkáníìkì nìkan. Bí ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan bá lè fi owó ńlá ra ẹ̀rọ tuntun, ṣùgbọ́n tí kò sí owó bíárìn nínú ìwé ìnáwó rẹ̀, ilé náà ni ó kọ́kọ́ jó irin mọ́ irin. Ayẹyẹ wà fún rírà, kò sí ayẹyẹ fún ìtọ́jú. Síbẹ̀ kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Bíárìn méjì tí a pààrọ̀ ní àkókò ń gba ọ̀pá là, ọ̀pá tí a gbà là ń gba ilé bíárìn là, ilé bíárìn sì ń gba ìdérí àti ẹ̀rọ là.

Èdè àti ìmọ̀ iṣẹ́

Mo padà sí ọ̀rọ̀ kẹta. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ní ọdún 1984 ni apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́ kò tí ì rí ìwé tirẹ̀ gbà. Yorùbá ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń kọ́ ọ, Yorùbá ni òun náà fi ń ronú, èdè mìíràn sì ni ìwé ẹ̀rọ tí ìwọ̀n àti òfin wà nínú rẹ̀.

Ohun tí àìsí ìwé yìí ń fà kì í ṣe pé ọmọ iṣẹ́ kò mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó ń fà ni pé a ń kọ́ ọ ní bí a ṣe ń ṣe é, a kì í sábà kọ́ ọ ní ìdí tí a fi ń ṣe é. Ọ̀gá yóò ní, “Má ṣe na ibẹ̀ yẹn.” Ọmọ kò ní na ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí irú bíárìn mìíràn bá dé, kò ní mọ ibi tí ó yẹ kí òun nà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ pé òrùka tí ó há ni kí a tì, nítorí pé àwọn ọmọ àárín kò gbọdọ̀ gba ẹrù náà, kò sí irú bíárìn tí yóò dojú rú u mọ́. Gbólóhùn kan péré ni, ó sì wọ inú èdè Yorùbá láìfa aṣọ ya.

Èdè wa kò sì tiro nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn mẹkáníìkì ni ó ń sọ pé irin “jẹ”, pé nọ́ọ̀tì “mú”, pé ẹ́ńjìnnì “ń kùn”. Àwọn ni wọ́n sọ bíárìn, gíríìsì àti púlì di ọmọ ilé. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa tí a wà ní yunifásítì ni kí a lọ jókòó tì wọ́n, kí a kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, kí a fi ìṣirò tì í lẹ́yìn, kí a sì dá a padà fún wọn ní ìwé. Bí ọ̀rọ̀ tiwọn bá wà, kí a má fi tiwa bò ó mọ́lẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá sí, kí a wá èyí tí ahọ́n wọn yóò gbà, bí mo ti fi alárinà siwájú yín lónìí.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a ti rí i pé bíárìn ẹ̀rọ agékoríko kì í sábà kú ikú ogbó. Omi, koríko, àìdọ́gba, òkúta, bẹ́líìtì líle àti gíríìsì tí a ṣì lò ni wọ́n ń pa á. A ti rí i pé etí àti ọwọ́ lè mọ àìsàn rẹ̀ kí ó tó di ikú. A sì ti rí i pé ọ̀pá tí a kò wọ̀n ń ba bíárìn tuntun jẹ́. Mo bẹ ẹ̀yin alákòóso kí ẹ fi owó ìtọ́jú sínú ìwé ìnáwó yín kí ẹ tó fi owó rírà sí i. Mo bẹ ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ kí ẹ jẹ́ kí maikiromítà wà nínú àpótí yín pẹ̀lú òòlù. Mo sì bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi kí á kọ ìwé yìí, kí ọmọ iṣẹ́ tí ń bọ̀ lè ka ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè tí ó fi ń ronú.

 Kí irin má ṣe wá ní ibi o.